James Couzens, Akọ̀wé Tó Di Àpò Owó Ford Mú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Oníṣirò owó ni mí ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi ọkọ̀ kó ẹrù. Àwọn dẹ́rẹ́bà àti mẹkáníìkì ni gbogbo èèyàn ń yìn níbi iṣẹ́ wa. Àwa tá a wà ní ọ́fíìsì, bí ẹni tó kàn ń jókòó jẹun ni wọ́n ń wò wá. Mo gbọ́ pé akọ̀wé kan tó ń jẹ́ James Couzens ló gbé ilé-iṣẹ́ Ford dúró níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tó fi kúrò níbẹ̀? Ẹ sì jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni àbúrò rẹ̀ obìnrin fi ọgọ́rùn-ún dọ́là péré di olówó?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ tiyín náà o. Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí gan-an, nítorí iṣẹ́ ìwé owó ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, ọ̀rọ̀ Couzens kì í sì í sú mi.

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e kọjá ibi tó dé. Henry Ford ló mọ ọkọ̀. Couzens kì í ṣe mẹkáníìkì. Owó ló mọ̀: ibi tó wà, ọwọ́ ẹni tó há sí, ọjọ́ tó yẹ kó wọlé. Ẹ rántí pé Ford ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé orí èyí tá a mọ̀ yìí. Ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ bá wọn dá sílẹ̀ ní Detroit ní 1899 kò pẹ́ tó fi wó. Èkejì, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, ó kúrò níbẹ̀ ní 1902, àwọn tó kù síbẹ̀ ló sì sọ ọ́ di Cadillac. Ford yìí kan náà ni, ọgbọ́n orí yìí kan náà ni. Lójú tèmi, ohun tó yàtọ̀ jù lọ lẹ́ẹ̀kẹta ni pé ẹnì kan jókòó sí ọ́fíìsì tí kò jẹ́ kí owó sọnù, tí kò sì jẹ́ kí ọkọ̀ pẹ́ nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí oṣù keje ọdún 1903. Ilé-iṣẹ́ náà kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ni wọ́n forúkọ sílẹ̀. Ilé onípákó ni wọ́n rẹ́ǹtì ní òpópónà Mack ní Detroit. Lórí ìwé, 100,000 dọ́là ni gbogbo ìpín tí wọ́n pín fún àwọn méjìlá tó dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n owó tó wọlé gan-an kò ju 28,000 lọ. Àwọn Dodge, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń bá wọn ṣe ẹ́ńjìnnì àti ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ń gba owó. Ẹni tó ń ṣe táyà ń gbà, ẹni tó ń ṣe bọ́dì ń gbà. Owó ń jáde, kò sí kọ́bọ̀ tó ń wọlé, torí pé wọn ò tíì ta ọkọ̀ kankan. Nígbà tó fi máa di àárín oṣù, 223 dọ́là àti sẹ́ǹtì 65 ló kù ní báńkì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di ìwé báńkì irú rẹ̀ mú rí, ẹ mọ bó ṣe ń rí láyà.

Ní ọjọ́ 15 oṣù keje ni sọ̀wédowó dé láti Chicago: 850 dọ́là, owó kíkún fún ọkọ̀ Model A kan. Dókítà Ernst Pfennig ló rà á. Bí sọ̀wédowó yẹn bá pẹ́ sí i, ó ṣeé ṣe kí a má gbọ́ orúkọ Ford mọ́ títí dòní. Láti ọjọ́ yẹn lọ, owó tó wà ní báńkì kò jó rẹ̀yìn tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Láàárín oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ti ta nǹkan bí 1,700 irú ọkọ̀ náà.

Ibẹ̀ ni ìjà tó gbayì jù láàárín Ford àti Couzens ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní àbùkù, Ford sì mọ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n dá wọn dúró kí òun tún wọn ṣe. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọyì iṣẹ́ rẹ̀ kì í fẹ́ kí ohun tí kò tíì pé jáde. Mi ò bá a wí. Ṣùgbọ́n Couzens ní rárá. Tí wọ́n bá dá ọkọ̀ dúró, ilé-iṣẹ́ á kú, bó bá sì kú, ta ló máa wá tún ọkọ̀ ṣe? Ó ní kí ọkọ̀ máa lọ, kí mẹkáníìkì máa tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ oníbàárà tó bá ké gbàjarè. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé òun fúnra rẹ̀ máa ń bọ́ síbi tí wọ́n ti ń di ọkọ̀ sínú ọkọ̀ ojú irin, tí á máa bá wọn kan ìṣó.

Níbo ló ti kọ́ irú ìwà yìí? Nídìí ojú irin àti nídìí èédú ni. Chatham, ní Ontario ilẹ̀ Kánádà, ni wọ́n ti bí i ní 1872. Ó wọ Detroit ní 1890, ó sì rí iṣẹ́ ní rélùwéè Michigan Central: á máa rìn láàárín àwọn ọkọ̀ ẹrù, á máa kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀. Kò pẹ́ tó fi di ọ̀gá ní ọ́fíìsì ẹrù. Nígbà náà, oníṣòwò tó bá pẹ́ kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ ojú irin gbọ́dọ̀ san owó ìdádúró fún rélùwéè. Couzens ló ń kọ lẹ́tà sí wọn, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gba lẹ́tà líle yẹn ni Alexander Malcomson, oníṣòwò èédú. Dípò tí Malcomson ì bá fi bínú, ńṣe ló gbà á síṣẹ́. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn: ẹni tó ń fúngun mọ́ ọ láti gba owó lọ́wọ́ rẹ, gbé e sọ́dọ̀, kó máa bá ọ fúngun mọ́ àwọn tó jẹ ọ́.

Malcomson yìí náà ló gbé owó lé Ford lọ́wọ́ ní 1902. Òun ì bá fẹ́ lọ bójú tó ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n John Gray, ọ̀gá báńkì tó kó 10,500 dọ́là sílẹ̀ tí wọ́n sì fi jẹ ààrẹ ilé-iṣẹ́, ní kó má kúrò nídìí èédú rẹ̀. Couzens ló wá rán lọ dípò ara rẹ̀. Báyìí ni akọ̀wé èédú ṣe wọ iṣẹ́ ọkọ̀.

Ẹ ó gbọ́ pé Couzens le. Ó le lóòótọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń sọ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó fi líle yẹn kọ́. Alágbàtà tó bá fẹ́ ta Ford gbọ́dọ̀ fi owó ìdánilójú sílẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dé ibùdókọ̀ ojú irin nílùú rẹ̀, á kọ́kọ́ san ìyókù ní báńkì kí wọ́n tó yọ̀ǹda ọkọ̀ fún un. Kò sí pé mo máa san tí mo bá tà. Nítorí náà, owó ọkọ̀ ń wọlé sápò Ford nígbà tí gbèsè táyà àti irin kò tíì pé àtisan. Owó alágbàtà ni wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀! Kì í ṣe Ford nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣùgbọ́n Couzens ló fi ọwọ́ irin dì í mú, tó tún tẹ́ àwọn alágbàtà káàkiri débi pé oko àti abúlé ń rí ẹni bá wọn ta ọkọ̀, tí wọ́n sì ń rí ẹ̀yà rẹ̀ rà. Ó sì ń ṣọ́ wọn: ilé ìtajà tó bá dọ̀tí, tàbí tí kò ní ẹ̀yà ọkọ̀ nílẹ̀, yóò gba lẹ́tà.

Mo ti yẹ ìwé owó ilé-iṣẹ́ kan wò rí, orúkọ rẹ̀ kò kàn wá níbí, tí ọkọ̀ mẹ́jọ rẹ̀ ń jáde láràárọ̀, tí ọ̀gá wọn sì ń yá owó epo. Àwọn oníbàárà jẹ ẹ́ lówó oṣù mẹ́rin. Gbogbo dẹ́rẹ́bà ń ṣiṣẹ́, gbogbo mẹkáníìkì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó máa kọ lẹ́tà líle ni kò sí. Ìgbàkigbà tí mo bá rántí wọn ni Couzens ń wá sí mi lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ Malcomson kò dùn mọ́ mi, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún yín. Ní 1905, Malcomson fẹ́ yọ Couzens kí òun gba ipò rẹ̀. Ó tún ń fẹ́ ọkọ̀ olówó ńlá, nígbà tí Ford ń fẹ́ ọkọ̀ tí mẹ̀kúnnù lè rà. Ford àti Couzens wá dá ilé-iṣẹ́ kejì sílẹ̀, Ford Manufacturing Company, tó ń ṣe ẹ̀yà ọkọ̀ fún ti àkọ́kọ́. Malcomson kò sí nínú rẹ̀. Èrè wá ń gba ẹ̀yìn jáde lọ síbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ní oṣù keje 1906, ó ta gbogbo ìpín rẹ̀, 255 nínú 1,000, ní 175,000 dọ́là. Òfin kò mú wọn, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó mú Couzens kúrò nídìí ojú irin ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ bá mi ṣírò ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀: ìpín kan di ogún ní 1908, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tà ní 12,500 ní 1919. Iye ìpín Malcomson ì bá ti di mílíọ̀nù 63 dọ́là ó lé, ká má tíì ka èrè ọdọọdún mọ́ ọn.

Ní oṣù keje 1906 yẹn kan náà ni Gray kú. Ford wá di ààrẹ, Couzens ń ra ìpín kún ìpín títí tirẹ̀ fi tó nǹkan bí ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún. Òun ló ń mú owó, òun ló ń mú títà, òun ló ń mú ìpolówó. Nígbà tí àwọn tó di ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ (páténtì) tí George Selden gbà lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mú fẹ́ kí gbogbo aṣe-ọkọ̀ máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún wọn, Couzens wà lára àwọn tó kọ̀ jálẹ̀. Ẹjọ́ yẹn pẹ́ nílé ẹjọ́, Ford sì jàre rẹ̀ ní 1911.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n ta gbogbo rẹ̀. Ní 1909, William Durant tó dá General Motors sílẹ̀ fẹ́ ra Ford. New York ni wọ́n ti pàdé, ní òtẹ́ẹ̀lì Belmont. Ẹ̀yìn ń ro Ford débi pé ilẹ̀ yàrá ló nà sí; Couzens ló lọ bá Durant sọ̀rọ̀, tó padà wá jíṣẹ́. Mílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là. Ford gbà, ó kàn ní kí owó jẹ́ lọ́wọ́-lọ́wọ́. Durant wá mílíọ̀nù méjì tí yóò kọ́kọ́ san, àwọn oníbáńkì ní àwọn kò yá a. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí.

Wàyí o, owó iṣẹ́ dọ́là márùn-ún lóòjọ́. Ford ni ayé fi orúkọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní 1914, Couzens ló ka ìwé ìkéde náà sétí àwọn akọ̀ròyìn, Ford dúró lẹ́bàá fèrèsé. Ṣáájú ọjọ́ náà, 2 dọ́là àti sẹ́ǹtì 34 ni òṣìṣẹ́ ń gbà fún wákàtí mẹ́sàn-án. Wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, dọ́là márùn-ún, wákàtí mẹ́jọ. Ẹ má rò pé àánú nìkan ló ṣe é. Ìlà iṣẹ́ tí ń rìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ wọn ní Highland Park ti sú àwọn èèyàn. Ní 1913, wọ́n ní láti gba nǹkan bí 52,000 òṣìṣẹ́ kí 14,000 tó lè dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ta ló kọ́kọ́ dábàá márùn-ún? Àwọn òpìtàn ṣì ń bá ara wọn jiyàn lé e lórí. Ìhà ti Couzens ni pé òun ló ti Ford kọjá iye kékeré tó fẹ́ san, pé kó sọ ọ́ di márùn-ún. Èmi gbà á gbọ́, torí ẹni tó ń rí iye tí ilé-iṣẹ́ ń ná lórí gbígba èèyàn lójoojúmọ́ ló lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìgbọ̀n.

Àbùkù wà nínú rẹ̀, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n. Owó náà kì í ṣe ti gbogbo èèyàn: wọ́n yọ àwọn obìnrin sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì rán àwọn olùbẹ̀wò lọ máa wo bí òṣìṣẹ́ ṣe ń gbé nílé rẹ̀ kó tó lè gbà á. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìríṣẹ́ tún ya bo ẹnu géètì nínú òtútù nini. Wọ́n fi omi páìpù paná lé wọn. Aṣọ àwọn ẹlòmíì dì gbagidi mọ́ wọn lára.

Ọdún yẹn kan náà ni Ford ṣèlérí pé bí òun bá ta ju 300,000 ọkọ̀ lọ láàárín oṣù kẹjọ 1914 sí oṣù kẹjọ 1915, òun á dá owó padà fún gbogbo ẹni tó bá rà. Wọ́n tà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àádọ́ta dọ́là ni oníbàárà kọ̀ọ̀kan gbà padà. Ọdún náà sì ni Homer, àkọ́bí Couzens, kú ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ọkọ̀ Ford tó ń wà ló dojú dé.

Ìbéèrè yín kejì: kí ló dé tó fi kúrò? Ohun tó hàn síta ni ogun. Ogun Àgbáyé Kìíní ti bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù, Ford sì kórìíra rẹ̀; ó ń fẹ́ kí wọ́n tẹ èrò rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ilé-iṣẹ́, Ford Times. Couzens, ọmọ Kánádà, tí ilẹ̀ tí wọ́n ti bí i wà lójú ogun, ní kò ní jáde. Ford ní yóò jáde. Ní oṣù kẹwàá 1915, Couzens fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì jókòó nínú ìgbìmọ̀ olùdarí. Èmi kò gbà pé ogun nìkan ni. Nígbà tí 223 dọ́là ló kù, Ford kò lè ṣe é láìsí i. Nígbà tí owó ti di mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù, ẹni tó lè sọ fún ọ̀gá pé "rárá" ti di ẹrù. Couzens pàápàá kò sì fẹ́ máa gba àṣẹ mọ́ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ ìjọba ló gbé e lọ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ṣe kọmíṣánnà ọlọ́pàá Detroit, ó di méyọ̀ ní 1919, ó sì bá ìlú gba ọkọ̀ ojú irin ìgboro kúrò lọ́wọ́ oníṣòwò aládàáni ní 1922. Ọdún náà ló di sẹ́nétọ̀, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú ní oṣù kẹwàá 1936. Ìjà rẹ̀ pẹ̀lú Andrew Mellon, tó di àpò ìṣúná Amẹ́ríkà mú, ló dùn mọ́ mi jù. Couzens ń tú ìwé àwọn agbowó-orí wò. Wọ́n bá yí i lọ́wọ́ padà, wọ́n ní òun náà jẹ ìjọba ní owó orí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 11 dọ́là lórí ìpín Ford tó tà. Ó kó ìwé rẹ̀ jáde. Ní 1928, ìgbìmọ̀ ẹjọ́ owó orí ṣèdájọ́: kì í ṣe pé kò jẹ gbèsè nìkan, ó ti san lé ní 900,000 dọ́là kọjá ohun tó yẹ kó san. Ọdún kejì, ó kó mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là kalẹ̀ fún ìlera àti ìtọ́jú àwọn ọmọdé ní Michigan, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n ná gbogbo rẹ̀ tán láàárín ọdún 25, olú-owó àti èlé. Wọ́n ná an tán ní 1954.

Ó ku ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Òótọ́ ni. Rosetta ni orúkọ rẹ̀, olùkọ́ ilé-ìwé ni. Ní 1903, Couzens ń wá 2,500 dọ́là tó máa fi gba ìpín 25. Ó ní 400 nípamọ́, Malcomson fún un ní 500 owó ìmóríyá, ó sì kọ ìwé gbèsè fún 1,500. Ó ku 100. Igba dọ́là ni Rosetta ní nípamọ́ láyé rẹ̀. Bàbá wọn ní kó má fi gbogbo rẹ̀ wewu, kó fi ìdajì sílẹ̀. Ó kó 100 fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí Ford ra gbogbo àwọn onípìn-ín kúrò ní 1919, Couzens ta 2,180 ìpín, ó sì gbà ju iye tí wọ́n san fún àwọn yòókù lọ: ó lé díẹ̀ ní 13,444 dọ́là lórí ìpín kan, tó fi di 29,308,857 dọ́là àti sẹ́ǹtì 90. Ti Rosetta, tó ti di ogún ìpín, mú lé ní 260,000 dọ́là wá, yàtọ̀ sí èrè tó ti ń gbà lọ́dọọdún. Ọgọ́rùn-ún dọ́là kejì, èyí tí bàbá wọn ní kó fi pa mọ́, wà níbi tó fi í sí.